Lẹ́tà sí Dèjì Kó Tó Lọ sí Bàhíà

Dèjì ọ̀rẹ́ mi,

Mo gbọ́ pé físà ti bọ́ sí i, pé Salvador, ní Bàhíà lórílẹ̀-èdè Brazil, lo ń lọ. O kú ìmúrasílẹ̀ o! Bó o bá ti kí àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ tán, jọ̀ọ́, yà sí Ilhéus. Ìwọ tó jẹ́ pé owó kòkó ni bàbá rẹ fi rán ọ níléèwé, ó yẹ kó o rí ohun tójú àwọn olóko kòkó ibẹ̀ rí.

Lọ́dún 1989 ni àrùn kan yọjú nínú oko wọn, ìgbálẹ̀ àjẹ́ ni wọ́n ń pè é. Èbu kan tórúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Moniliophthora perniciosa ló ń fà á. Bó bá ti wọnú ẹ̀ka tútù, ẹ̀ka náà á wú, á sì máa yọ ọ̀mùnú jánganjàngan lójú kan ṣoṣo bí ìgbálẹ̀. Bó bá gbẹ, èèyàn á rò pé ó parí. Kò parí rárá! Òjò á rọ̀, olu wẹ́wẹ́ aláwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ á hù lára ẹ̀ka gbígbẹ náà, afẹ́fẹ́ á sì gbé hóró wọn lọ sórí igi mìíràn. Nígbà tó fi máa di ọdún 2000, kòkó Bàhíà kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àmọ́ kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Lára ìgbálẹ̀ gbígbẹ náà ni wọ́n ti rí èbu mìíràn, Trichoderma stromaticum, tó ń fi èbu àkọ́kọ́ ṣe oúnjẹ. Ìdílé Trichoderma yìí, ẹ̀rù ni wọ́n! Ọ̀pọ̀ nínú wọn á na fọ́nrán wọn lọ bá ti èbu kejì, wọ́n á lọ́ mọ́ ọn, wọ́n á tu oje tó ń yọ́ èèpo ara rẹ̀ sí i, wọ́n á wá fa ohun inú rẹ̀ mu. Láti 1932 ni Robert Weindling ti kọ̀wé nípa ìwà wọn yìí ní Amẹ́ríkà.

CEPLAC, iléeṣẹ́ ìjọba Brazil tó ń mójú tó kòkó, ń sin èbu yìí lórí ìrẹsì, Tricovab ni wọ́n sọ ọ́. Wọ́n á pò ó mómi, wọ́n á fín in sóko. Ìgbálẹ̀ tí wọ́n gé sílẹ̀ẹ́lẹ̀, níbi tó lọ́rinrin, ló ti ń ṣiṣẹ́ jù: olu ò ní ráyè hù níbẹ̀. Kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára èyí tó wà lókè igi nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ ò fi sọ àdá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń lọ́ ẹ̀ka irú kòkó tó lágbára mọ́ igi wọn.

Dèjì, àrùn yìí ò sí ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe mú èso kòkó, kóró rẹ̀ tàbí ẹ̀ka rẹ̀ bọ̀ nílé, bó ti wù kó dára tó. Ṣokoléètì ni kó o rà fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní