Bí Gbogbo Fáìlì Bá Há Sínú Àpótí Kan

Iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ìdílé ni mo ń ṣe. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ti ń tọrọ owó ìrànwọ́ ọmọ. Nítorí náà, ohun tó bá lè dá kọ̀ǹpútà dúró kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ wo bí kọ̀ǹpútà ṣe ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà ni ó ń tọ́ka sí àpótí tí yóò fi í sí. Bí wọ́n bá pín káàkiri, wíwá wọn kò pẹ́. Ṣùgbọ́n bí akọ̀wé bá ń fi lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ pín fáìlì àwa Yorùbá, Adébáyọ̀, Adéọlá àti Adéwálé yóò há sínú àpótí kan, àwọn àpótí yòókù yóò sì ṣófo. Ohun tí ọ̀tá ń ṣe nìyẹn: yóò mọ̀ọ́mọ̀ kó ọ̀rọ̀ tí nọ́ńbà wọn dọ́gba ránṣẹ́. Nínú èdè Java, nọ́ńbà kan náà, 2112, ni "Aa" àti "BB" ní. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ 10,000 bá kó sínú àpótí kan, tí a sì ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé gbogbo èyí tó ti wà níbẹ̀, ìfiwéra náà yóò súnmọ́ 50,000,000. Títí yóò fi parí, àwọn ẹlòmíràn wà lórí ìlà.

Ní ọdún 2003 ni Scott Crosby àti Dan Wallach ti Yunifásítì Rice ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀. Àwọn tó ni Perl gbọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2011, ní Berlin, Alexander Klink àti Julian Wälde fi hàn pé PHP, Java, Python àti ASP.NET ṣì wà nínú ewu. Kí oṣù náà tó parí, Microsoft ti gbé àtúnṣe jáde. Ní 2012, Jean-Philippe Aumasson àti Daniel Bernstein ṣe SipHash, tí ń fi nọ́ńbà àṣírí kún ìṣirò náà, kí ará ìta má baà mọ àpótí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò bọ́ sí.

Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàárín ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ àti ariwo Berlin. Ẹni tí irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ máa ń pa lára ni ìyá tí ọjọ́ ìbéèrè rẹ̀ ń parí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ìwé ìbéèrè yín di ọjọ́ ìkẹyìn. Ẹ tẹ ẹ̀dà kan pamọ́. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ kọ ọjọ́ àti wákàtí sílẹ̀, kí ẹ sì pe ọ́fíìsì náà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń kọ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ sọ fún un pé oúnjẹ ẹlòmíràn wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.