Ìṣirò Inú Ikùn Ọkọ̀ Ogun

Àgbá ńlá méjì ló ń pàdé èèyàn níwájú Imperial War Museum ní Lambeth. Ọ̀kan ti inú ọkọ̀ ogun Ramillies wá, èkejì ti inú Resolution, ọkọ̀ ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni méjèèjì. Ẹnu wọn fẹ̀ ní íńṣì 15, ọta kan ṣoṣo wọn sì wúwo ju 850 kílò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti pẹ́ ní London, ya fọ́tò tán, ó ní ká máa lọ. Èmi ṣì ń ro ó: báwo ni wọ́n ṣe ń fi èyí ba ọkọ̀ tó wà ní máìlì 10, tó tún ń sá lọ?

Ọdẹ tó bá yìnbọn síbi tí ehoro tó ń sáré wà, ilẹ̀ lásán ni yóò bà. Ọta àgbá yìí yóò lo bí ìdajì ìṣẹ́jú lófuurufú. Ọkọ̀ tó ń sáré nọ́ọ̀tì 20 yóò ti kúrò níbi tó wà ní nǹkan bí 300 mítà kí ọta tó balẹ̀. Ibi tí yóò wà nígbà yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ ṣírò.

Láti wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ọkọ̀ ogun HMS Belfast, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tower Bridge. Ọdún 1938 ni wọ́n tì í sínú omi, àgbá rẹ̀ ò sì ju íńṣì mẹ́fà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò inú rẹ̀ jẹ́ àtọmọdọ́mọ ti àwọn ọkọ̀ àtijọ́ yẹn. Àkàbà irin inú rẹ̀ ga débi pé ẹ̀yìn la fi ń sọ̀ kalẹ̀.

"Àbúrò, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Yàrá tí a bá nísàlẹ̀ kò ní fèrèsé kankan. Ẹ̀rọ ìṣirò náà ló wà níbẹ̀, bíi tábìlì irin ńlá, ó kún fún aago àti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Bàbá òyìnbó tó ń mú wa káàkiri ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ olórin Royal Marines ló ń jókòó tì í lójú ogun. Àwọn onífèrè! Àwọn tí kò rí òkun rárá ló ń sọ ibi tí ọta yóò bọ́ sí.

Arthur Pollen, tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú ẹ̀rọ yìí, kì í ṣe ọmọ ogun rárá. Ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Linotype ni. Lọ́dún 1900, ó rí àwọn ọmọ ogun ojú omi tí wọ́n ń yìnbọn dánra wò ní Malta sí àmì tí kò jìnnà tó máìlì kan, nígbà tó jẹ́ pé irú àgbá kan náà ń ta máìlì mélòó kan lórí ilẹ̀ lójú ogun ní Ladysmith, ní Gúúsù Áfíríkà. Inú bí i. Ó ṣe aago Argo, tó ń ṣírò bí àlàfo àárín ọkọ̀ méjèèjì ṣe ń yí padà. Frederic Dreyer, ọ̀gágun ojú omi, ṣe tirẹ̀ náà, tirẹ̀ sì ni ìjọba kó sínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Ó hàn sí mi pé ọmọ ilé ni wọ́n fi ṣe. Ọdún 1925 ni wọ́n tó fún Pollen ní £30,000 fún iṣẹ́ rẹ̀.

Percy Scott, ọ̀gágun ojú omi mìíràn, ní tirẹ̀ ní kí ẹnì kan ṣoṣo jókòó sókè òpó ọkọ̀, kó máa fojú sun ọ̀tá, kó sì yin gbogbo àgbá lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n dán an wò ní November 1912: ọkọ̀ Thunderer tó lo ọgbọ́n yìí ba àmì ní ìlọ́po mẹ́fà iye tí ọkọ̀ Orion, tí kò lò ó, bà.

Nígbà tí a padà sókè, bàbá náà ní àwọn àgbá iwájú dojú kọ ilé ìsinmi awakọ̀ kan lọ́nà M1, ó tó máìlì 12 síbẹ̀.

"London Gateway?" Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. "Ibẹ̀ ni mo ti ń ra kọfí!"