Kí A Tó Lọ sí Etí Òkun Southend

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ti dé, àwọn ọmọ sì ti ń béèrè òkun. Southend ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ará Lọ́ńdọ̀nù máa ń lọ, nítorí ọkọ̀ ojú irin lọ tààrà láti Liverpool Street àti Fenchurch Street.

Ẹ wo àkókò tí òkun yóò kún kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Omi ibẹ̀ a máa fà sẹ́yìn ju kìlómítà kan lọ, a sì ku ẹrẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹrẹ̀ náà (ìyá tí yóò fọ aṣọ ni kò fẹ́ràn rẹ̀), ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n rìn jìnnà: bí omi bá ń padà, ó lè gba ẹ̀yìn yí ènìyàn ká.

Ní ti ìrun, àwọn kan a máa kí Ayílà ní rákáà méjì níbẹ̀. Láti àárín Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà náà kò ju nǹkan bí kìlómítà 65 lọ. Nǹkan bí 80 sì ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ṣe ìwọ̀n ìrìn àjò. Ẹ kí i pé. Ẹni tí ilé rẹ̀ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó bi wá léèrè.

Ẹ mú búùtà àti ẹní dání. Ní oṣù Júùnù, oòrùn kì í wọ̀ kí aago 9 alẹ́ tó kọjá. Ẹni tí ó bá ní ọmọ kékeré, kí ó wọkọ̀ lẹ́yìn Alaásàrì, kí ó kí Màgáríbì nílé.