Igò Omi Kan Láti Òṣogbo

Àwa tí a dàgbà ní Bẹyẹrúnkà, ẹ̀rù odò ni wọ́n fi tọ́ wa. Tí òjò bá ti ṣú báyìí, Ìyá Àgbà á bẹ̀rẹ̀ ìtàn Omíyalé: bí Ògùnpa ṣe kún ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, tó gbé ilé, tó gbé ọjà, tó gbé èèyàn lọ. Lójú tèmi, Ògùnpa ò ju gọ́tà ńlá tí ọ̀rá píọ́wọ́tà kún inú rẹ̀ lọ. Mi ò rí ẹni tó kúnlẹ̀ fún odò rí.

Nígbà tí mo sọ fún un pé mò ń lọ sí Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nítorí iṣẹ́ àṣekágbá mi lórí orúkọ tó ní òrìṣà nínú, mo rò pé á bá mi jà. Ìyá Ìjọ ni. Ó kàn wọ yàrá, ó mú igò òfìfo kan jáde. "Bu omi wá fún mi. Má sọ fún ìyá ẹ."

Mo wọ Micra láti Bẹẹrẹ dé Ìwó Road, mo wọ bọ́ọ̀sì. Kò sí ìtàn lójú ọ̀nà, àfi bàbá kan tó ń polówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí tí kò dákẹ́ títí a fi dé.

Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì débẹ̀, ẹ lọ. UNESCO kà á mọ́ ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005, ṣùgbọ́n ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ ló mú èmi. Àwọn ère sìmẹ́ǹtì tí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, àtàwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà mọ dúró láàrin igi bí ẹni pé ńṣe ni wọ́n hù níbẹ̀. Ẹni tó mú wa káàkiri ní "Àtáọ́ja", oyè ọba wọn, wá láti inú "a-téwọ́-gba-ẹja": ọba tẹ́wọ́, ẹja Ọ̀ṣun bọ́ sí i. Kí n tó mọ̀, mo ti ń wá ìpajẹ inú rẹ̀. Àìsàn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa nìyẹn.

Létí odò, omi náà pọ́n bí tíì onímílíìkì. Wọ́n ní àwọn awakùsà góòlù lókè odò ló fà á. Lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ fún aráàlú kí wọ́n má mu ún. Síbẹ̀, obìnrin kan kúnlẹ̀, ó ń bá omi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Mo dúró gbagidi. Ọdún mẹ́rin tí mo fi kọ́ ìmọ̀ èdè, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí odò. Ìyá olórìṣà kan bi mí pé, "Ta ló rán ẹ?" Mo ní ìyá àgbà mi ni. Ó gba igò, ó bu omi sí i, ó dà á padà, ó tún bu òmíràn. Kò gba owó.

Lálẹ́, Ìyá Àgbà gbé igò náà síwájú tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Mo ní kó má mu ún o. "Ta ló fẹ́ mu ún?" Ó wá sọ pé ọdún mẹ́sàn-án lòun lò nílé ọkọ kóun tó bímọ, pé ìyá ọkọ òun ló mú òun lọ sí Òṣogbo. Ọ̀ṣúnbùnmi ni wọ́n sọ màmá mi. Ọjọ́ ìrìbọmi ni wọ́n kọ Olúbùnmi sínú ìwé.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà, àbọ̀ kan náà. Olùwà nìkan ni wọ́n pààrọ̀. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú àkójọ mi, mo ti pín wọn sí ìsọ̀rí, mo ti fi nọ́ńbà sí wọn. Mi ò mọ̀ pé ti ilé wa yẹ kó wà níbẹ̀.

"Ṣé mo lè kọ ọ́ síwèé, mà?"

"Bi ìyá ẹ."

Mo pe màmá mi ní Sátidé. Ó dákẹ́ títí mo fi rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ pé mi ò mọ̀?" Ó ní kí n kọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí bóyá omi yẹn ṣì kù.