Fìlà Lẹ́dà Orí Ọkọ̀ Bàbá: Ohun Tí Ojú Mi Rí ní Kábà

Bí ẹ bá gba Ìlọrin lọ sí Kábà, ẹ ó kọjá Ọ̀mù-Àrán, Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọpà. Òkè ló yí ìlú náà ká. Ẹ ò tíì sọ̀kalẹ̀ tán tí wọn yóò ti máa kí yín pé, "Okun o!" Ìkíni yìí náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn: Owé tó ni Kábà, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi lọ kí ìyá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ mọ́tò kọ́ ló gbé mi lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò ni mo gbé bọ̀.

Ọkọ̀ ńlá kan wà níwájú ilé wọn, irú èyí tí àwọn gbajúmọ̀ ń gùn láyé Gowon. Wọ́n fi lẹ́dà dúdú bo òrùlé rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ni àṣà yìí ti gbilẹ̀, láàárín 1960 sí 1979. Wọ́n fẹ́ kí òrùlé irin jọ ti ọkọ̀ tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká bí aṣọ. Ford Granada wà lára àwọn tí ń dé irú fìlà bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa.

Olùkọ́ ni ọkọ Màmá. 1976 ló ra ọkọ̀ náà, ọdún kan lẹ́yìn tí owó Údójì bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Abẹ́ Kwara ni Kábà wà nígbà náà. 27 Oṣù Kẹjọ, 1991 ni wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀. Bàbá ti lọ, ṣùgbọ́n Màmá, tó ń ta iṣu àti èlùbọ́, kò jẹ́ tà á. Ìrántí Bàbá ti sún mọ́lé, àwọn ọmọ sì fẹ́ gbé ọkọ̀ náà jáde. Lẹ́dà orí rẹ̀ ti ya yánnayànna. Màmá kó èrè oṣù mẹ́ta jọ, ó ra lẹ́dà tuntun.

Oníṣẹ́ kan ti kọ́kọ́ sọ fún un pé òun yóò lẹ tuntun mọ́ ògbólógbòó lórí, ọjọ́ kan péré ni iṣẹ́. Màmá ní, "Omi tó ń kán sí mi lórí nínú mọ́tò ńkọ́?" Ọkùnrin náà ní lẹ́dà tuntun yóò dí i. Ọkàn Màmá kò balẹ̀. Ló bá ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ panẹ́bítà kan lẹ́bàá ọ̀nà Lọ́kọ́jà.

Ọ̀gá náà tẹ òrùlé náà, ó ń dún pàkàpàkà. Ó ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣí i wò ná. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá."

Wọ́n yọ irin wẹ́wẹ́ tó ń dán létí òrùlé àti gíláàsì. Wọ́n fi iná yọ́ gọ́ọ̀mù díẹ̀díẹ̀, wọ́n rọra bó lẹ́dà náà bí ẹni ń bó awọ ẹran. Fóòmù pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀ tutù rinrin, bẹ́ẹ̀ ni òjò kò rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́rin. Ìpẹtà ti jẹ irin náà. Níbi gíláàsì ẹ̀yìn, ihò kan wà tí ọwọ́ mi gbà.

Ọ̀gá wá là á yé wa. Bí lẹ́dà bá ṣì tuntun, omi kì í wọlé. Ṣùgbọ́n oòrùn àti ọyẹ́ yóò gbẹ ẹ́ títí á fi là, etí rẹ̀ á sì ṣí. Omi òjò á rí ọ̀nà wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde. Fóòmù á mu ún bíi kànrìnkàn, irin á máa jẹrà lábẹ́, ẹni tó wà níta á máa rí ẹwà. Bí wọ́n bá tún lẹ òmíràn mọ́ ọn, ìdọ̀tí ni wọ́n dáṣọ fún.

Ọ̀nà méjì ló wà, ó ní. Èyíkéyìí tí wọ́n bá mú, wọ́n gbọ́dọ̀ gé ibi tó jẹrà, kí wọ́n jó irin tuntun sí i, kí wọ́n há a mọ́, kí wọ́n fi ọ̀dà pupa tó ń dènà ìpẹtà kùn ún. Lẹ́yìn náà, wọ́n lè lẹ lẹ́dà tuntun láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sábẹ́ rẹ̀. Tàbí kí wọ́n dí gbogbo ihò kéékèèké tó di irin etí mú, kí wọ́n kun òrùlé bíi ara ọkọ̀ yòókù.

Ọ̀rẹ́ mi ní lẹ́dà ni kí wọ́n lẹ, kó lè rí bí Bàbá ṣe fi í sílẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́. Màmá wo ihò yẹn títí.

Ó ní, "Ọmọ mi, aṣọ ìpò pupa táwọn obìnrin Bùnú ń hun, òkú olóyè ni wọ́n ń fi í bò. Mọ́tò bàbá rẹ kò tíì kú. Ẹ ṣí i lórí sílẹ̀, kí n lè máa rí ohun tó bá ń ṣe é."

Bí wọ́n ṣe kùn ún nìyẹn. Lẹ́dà tuntun kò ṣòfò o: Màmá ní kí wọ́n fi rán ìjókòó ọkọ̀, torí ti àtijọ́ ti bẹ́.

Ẹ̀yin ìyá wa, bí oníṣẹ́ bá ní òun yóò fi tuntun bo ògbólógbòó, ẹ ní kó kọ́kọ́ ṣí i kẹ́ ẹ rí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí ẹ bá ti rí irú èyí rí, ẹ kọ̀wé sí wa. Okun o!