Igba Àpò Sìmẹ́ǹtì

Ìwé kan wà tí ìyá wa fi okùn so kọ́ sára ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun. Ìwé ọmọ iléèwé lásán ni. Àwa ọmọ mẹ́rin la máa ń bá wọn kọ nǹkan sínú ẹ̀, torí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n kò sí ojú ewé tí wọn ò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ máa rí "Ìyá Onírẹsì, búlọ́ọ̀kù 50", pẹ̀lú ìlà pupa tó gbà á já: ó ti san. Ẹ máa rí "Bàbá ẹ̀yìn mọ́sálásí, páànù", ìlà pupa. Lẹ́yìn náà ẹ máa kan ojú ewé kan tí kò ní ìlà pupa kankan: "Ẹnjiníà. Sìmẹ́ǹtì 200. 2019."

Bí a bá ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlù dùndún lọ̀pọ̀ yín máa rántí. Òótọ́ ni, ilé àwọn Àyàn nìlú wa, wọ́n ti lù ú dé Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìlú tó ń lùlù náà ń kọ́lé. Àwa àti Ìlobùú súnmọ́ra débi pé àlejò kì í mọ ibi tí ọ̀kan parí sí, Ifọ́n ò jìnnà, Òṣogbo náà kò jìnnà. Gbogbo ilé tó ń dìde láàárín ibẹ̀ ló ń jẹ sìmẹ́ǹtì. Ohun tí ìyá wa rí nìyẹn tí wọ́n fi ta aṣọ tó kù nílẹ̀ tí wọ́n sì bọ́ sídìí sìmẹ́ǹtì, irin àti ìṣó.

Ẹnjiníà kì í ṣe àlejò. (A ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó lọ́mọ, àwọn ọmọ rẹ̀ sì mọ̀wé kà.) Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn. Ó kó 20, ó san. Ó kó 50, ó san. Ní 2019 ló gba iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan, kíláàsì mẹ́ta fún iléèwé kan ní abúlé tí kò jìnnà sí wa. Ó wọlé pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ apá, inú rẹ̀ ń dùn.

"Mọ́mì, iṣẹ́ ti bọ́ sí i o. Ọ̀sẹ̀ méjì péré, wọ́n á san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kó 200."

"Ẹnjiníà, 200 ti pọ̀ jù fún àwìn. Ẹ dín in kù."

"Mọ́mì, ṣé èmi kọ́ ni?"

Gbólóhùn yẹn ló tú àpò náà sílẹ̀. Típà wá kó o lẹ́ẹ̀mejì. Àpò kan jẹ́ ₦2,600, gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ ₦520,000. Lórí odi ṣọ́ọ̀bù, níwájú típà náà gan-an, ni àkọlé tí ọ̀kan nínú wa fi ọ̀dà kọ wà: KÒ SÍ ÀWÌN LÓNÌÍ, Ẹ PADÀ WÁ LỌ́LA.

Ohun tí Ẹnjiníà ò rò, tàbí tó rò tó gbójú fò, ni pé sìmẹ́ǹtì yẹn kì í ṣe ti ìyá wa. Àwìn làwọn náà gbà á lọ́wọ́ oníṣòwò ńlá kan ní Òṣogbo, oṣù kan ni wọ́n sì dá. Nígbà tí oṣù kan pé, onítọ̀hún ò bèèrè lọ́wọ́ Ẹnjiníà, ọwọ́ ìyá wa ló ti bèèrè. Wọ́n ta fírísà. Wọ́n gba àjọ tó yẹ kó kàn wọ́n lóṣù mẹ́rin sígbà náà. Àbúrò wa tó kẹ́yìn ti gba lẹ́tà ìwọlé sí ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́dún yẹn. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú fún un ló tẹ̀lé fírísà. Ọdún kan gbáko ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń ka àpò sìmẹ́ǹtì fún àwọn bíríkìlà. Ó ti parí ẹ̀kọ́ báyìí, ó sì ń bá wa kọ èyí, ṣùgbọ́n ó ní ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ẹgbẹ́ òun ti fi ọdún kan ṣáájú òun.

Ní oṣù kejì ọdún 2020, Ẹnjiníà mú ṣẹ́ẹ̀kì wá. Inú gbogbo wa dùn. Ṣùgbọ́n bó ṣe fi sílẹ̀ tán ló ní, "Mọ́mì, ẹ má tíì gbé e lọ báńkì o. Màá pè yín." Kò pè. Kòrónà dé, gbogbo ìlú tì pa. Ìgbà tí ìyá wa fi máa gbé e dé báńkì, oṣù karùn-ún ti ń parí lọ, kò sì sí owó nínú àpò ìfowópamọ́ náà. Lọ́yà kan ládùúgbò ló wá là wá lóye: òfin kan wà láti 1977 tó ní ẹ̀wọ̀n ọdún méjì lẹni tó bá kọ ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nídìí máa ṣe, láìsí pé ó lè fi owó ìtanràn rọ́pò. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta lòfin náà fún ẹni tó gba ṣẹ́ẹ̀kì láti gbé e dé báńkì. Oṣù mẹ́ta ti kọjá. Títí dòní, a ò fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá Ẹnjiníà mọ òfin yẹn tàbí kò mọ̀ ọ́n. Méjì nínú wa ní ó mọ̀ ọ́n dájú.

Ẹ̀gbọ́n ìyá wa ní ká fi ọlọ́pàá gbé e. Ká má parọ́ fún yín, ó wù wá. Ṣùgbọ́n Òfin Ọlọ́pàá tí wọ́n buwọ́ lù ní 2020 sọ ọ́ kedere pé wọn ò gbọ́dọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn òwò nìkan. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é síbẹ̀. Ìyá wa ló kọ̀. Wọ́n ní ẹni tó bá fi ọlọ́pàá gba gbèsè, ó máa pín in fún ọlọ́pàá.

Nígbà àtijọ́, Yorùbá ní ológò. Samuel Johnson ròyìn rẹ̀ nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí wọ́n jẹ lówó á bẹ ológò lọ́wẹ̀, ológò á lọ dógò ti onígbèsè, á jókòó sílé rẹ̀, á máa pariwo, á máa pa adìyẹ tó bá rí, títí ara ilé á fi gbà pé ó sàn káwọn dáwó jọ. Àwọn Ìjẹ̀ṣà oníṣòwò aṣọ, nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa yìí kan náà, ò tiẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè tí wọn ò dìde àfi bí owó bá jáde, ìdí tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Òṣómàáló nìyẹn.

Ìyá wa ṣe Òṣómàáló. Ní ọdún 2021, wọ́n gbé àpótí ìjókòó wọn, wọ́n wọkọ̀ lọ sílé Ẹnjiníà ní Òṣogbo ní àfẹ̀mọ́jú. Ẹnjiníà ò sí nílé, tàbí ó wà níbẹ̀ tí kò jáde. Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó gbé àmàlà àti gbẹ̀gìrì wá. Wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n padà lọ́jọ́ kejì, ìyàwó tún gbé oúnjẹ wá, àwọn ọmọ ń kí wọn ní "Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì Àgbà." Lọ́jọ́ kẹta, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn.

Ojú ń ti ẹni tí wọ́n jẹ lówó! Ọ̀rọ̀ yẹn lẹ̀gbọ́n wa àgbà gbọ́ lórí fóònù tí kò fi lè sùn. Sacramento ló ń gbé, ní ìpínlẹ̀ California, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń ta pákó àti nǹkan ìkọ́lé. Òun ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé níbi tóun wà, agbaṣẹ́ṣe tó bá jẹ olówó ọjà lè pàdánù ìwé àṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́. A rò pé àsọdùn Amẹ́ríkà ni. Ó wá là á yé wa díẹ̀díẹ̀.

Àjọ kan wà níbẹ̀ láti 1929 tó ń fún àwọn agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ ní ìwé àṣẹ, Contractors State License Board. Láìní ìwé àṣẹ yìí, iṣẹ́ tó bá tó $1,000 kò tọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ wà nínú ìpolówó àti ìwé àdéhùn rẹ, ẹnikẹ́ni sì lè fi nọ́ńbà yẹn wá ẹ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Abala 7120 nínú òfin wọn ló bá ọ̀rọ̀ ìyá wa mu: agbaṣẹ́ṣe tó bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti san owó nǹkan èlò tó rà fún iṣẹ́, nígbà tó ní agbára láti san án, tàbí nígbà tí wọ́n ti san owó tó tó fún un lórí iṣẹ́ náà, ti dẹ́ṣẹ̀, àjọ yìí sì lè bá a wí débi gbígba ìwé àṣẹ rẹ̀. Abala 7108 sì ń bá ẹni tó bá mú owó iṣẹ́ kan lọ sídìí nǹkan mìíràn wí. Bí ilé ẹjọ́ bá ti dá a lẹ́bi gbèsè iṣẹ́ ìkọ́lé tí kò sì san án láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n lè dá ìwé àṣẹ rẹ̀ dúró títí á fi san. Láfikún sí i, owó ìdúró $25,000 gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ rárá, èyí tí olówó ọjà lè nawọ́ sí. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ wọn, òfin ti wà láti 1935 pé kí agbaṣẹ́ṣe ilé ńlá wá onídùúró tó máa san owó àwọn olówó ọjà bí òun kò bá san.

Ẹ̀gbọ́n wa ní wọ́n ń jẹ gbèsè níbẹ̀ náà o, ká má rò pé ọ̀run ni. Àjọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í bá ènìyàn gba gbèsè. Ṣùgbọ́n àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń wá sọ́dọ̀ wọn ń bẹ̀rù nǹkan kan. Kí ni Ẹnjiníà ń bẹ̀rù?

Ìbéèrè yẹn la gbé kiri. Nílẹ̀ wa, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn kọ́lékọ́lé sílẹ̀, CORBON, ti wà láti 1989, ṣùgbọ́n Ẹnjiníà kì í ṣe kọ́lékọ́lé, kì í sì í ṣe ẹnjiníà, ká sọ tòótọ́. Òun ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ iléeṣẹ́, ó tán. Òfin ìrajà ìjọba ti 2007 ní kí ẹni tó fẹ́ gba iṣẹ́ ti san owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ rẹ̀. A ka abala yẹn lẹ́ẹ̀mẹta. Ìjọba rántí bèèrè owó tirẹ̀, kò rántí bèèrè bóyá o ti san ti oníṣìmẹ́ǹtì.

Òfin kan náà ní bí ìjọba bá jẹ agbaṣẹ́ṣe lówó kọjá ọgọ́ta ọjọ́, èlé gbọ́dọ̀ gun orí rẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀kan nínú wa máa gbèjà Ẹnjiníà: bóyá wọn ò san owó rẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe, ojoojúmọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ sáwọn agbaṣẹ́ṣe. A wá lọ bèèrè. Ẹni tó bá a ṣe fọ́máànù lórí iṣẹ́ náà sọ fún wa pé wọ́n san owó ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì san ìkejì. Ìgbẹ̀yìn nìkan ló há. Owó ìkejì yẹn, ó ní, ni Ẹnjiníà fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mìíràn ní Ìkìrun. Ẹni tó ń gbèjà rẹ̀ dákẹ́.

Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ padà wá ní 2024. Oṣù díẹ̀ ṣáájú ni àwọn oníléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì àti ìjọba ti jọ fẹnu kò pé kí àpò kan má kọjá ₦7,000 sí ₦8,000, torí ó ti gun òkè débi pé ìlú ń ké. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ eléruku, ó kó owó jáde nínú ọ̀rá dúdú. ₦520,000, kò lé, kò dín.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Ó ti parí báyìí, gbèsè ti tán."

Ìyá wa ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n bèèrè iye tí wọ́n ń ta àpò kan lọ́wọ́ àbúrò wa, bí ẹni pé wọn ò mọ̀ ọ́n. Ó ní ₦8,000. Wọ́n ní kó ṣírò rẹ̀. Ó ní ó jẹ́ àpò 65.

"Ẹnjiníà, dìde nílẹ̀. O ṣeun tó o wá." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa fi "o" bá a sọ̀rọ̀. "Sìmẹ́ǹtì lo kó lọ́wọ́ mi, o ò yá owó."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé eré ni. Wọ́n ní kí àbúrò wa já ìwé náà wá láti ara ìṣó. Ó ṣí ojú ewé yẹn, ó wo ojú wọn, wọ́n sọ ohun tó máa kọ fún un, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ 200: "Ó san 65. Ó ku 135."