Ìdárayá Èrò Ọkọ̀

Ní Ìkòtún, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán, oríṣi ènìyàn méjì ló ń sáré lójú títì. Àwọn kan wọ bàtà ìsáré, wọ́n so fóònù mọ́ apá. Àwọn yìí kò lọ síbì kankan. Àwọn yòókù wọ bàtà ọ́fíìsì, wọ́n gbá báàgì mọ́yà, ọkọ̀ Ọ̀ṣọ́dì tó ku àyè ẹnì kan ni wọ́n ń lé. Àwọn tó wọ bàtà ọ́fíìsì ló ń yára jù.

Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í dédé sáré nínú ẹ̀gún: bí kò bá lé ejò, ejò ló ń lé e. Ọdẹ àdúgbò ní Ẹgbẹ́dá kò gbàgbé òwe yìí. Nítorí náà, ọkùnrin tó ń sáré ìdárayá ní ìdájí níbẹ̀ wọ ẹ̀wù tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn yòò, ó la àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sílẹ̀, ó sì ń kí gbogbo ọdẹ tó bá kọjá lára wọn: "Ẹ kú iṣọ́ o, ẹ kú iṣọ́." Ìkíni náà ń gba èémí rẹ̀ ju eré lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa fi 150 sí 300 ìṣẹ́jú ṣe ìdárayá tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ wà lára rẹ̀. Wọn kò sọ ohunkóhun nípa ìrìn Ìyànà Ìpájà dé Ẹgbẹ́dá lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ tí owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì.

Legedis Benz ni àwọn ọmọ Èkó ń pe ẹsẹ̀, ọkọ̀ tí kì í jẹ epo. Ní February 2020, tí ìjọba ìpínlẹ̀ lé ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, òun ni ará Surulere àti ará Ìkẹjà gùn lọ síbi iṣẹ́. Alímọ̀ṣọ́, tí Ìkòtún àti Ẹgbẹ́dá wà, kò sí lára mẹ́fà náà. Ọ̀kadà ṣì ń gbé ènìyàn níbẹ̀ láti ẹnu géètì ilé rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ aláta tó ń wò ó lọ́ọ̀ọ́kán.

Lọ́dún 1953, dókítà Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet, lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì ní London. Àrùn ọkàn ń mú awakọ̀ tó jókòó látàárọ̀ ju kọ́ńdọ́ tó ń gun àkàsọ̀ ọkọ̀ lọ. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún yẹ ìwọ̀n ṣòkòtò iṣẹ́ wọn wò: ìbàdí ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ ju ti kọ́ńdọ́ lọ, àní láàárín àwọn ọ̀dọ́ pàápàá. Ó wá di àríyànjiyàn bóyá ìjókòó ló sọ awakọ̀ di alábọ́dó, tàbí alábọ́dó ló wá iṣẹ́ ìjókòó lọ.

Kọ́ńdọ́ dánfó Ìkòtún kò ní àkàsọ̀ kankan láti gùn. Ọwọ́ kan ló fi rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èkejì ka owó, ó ń fi ọ̀fun pe "Cele, Cele, Cele!" Ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré wá èrò, ó tún fò mọ́ ọkọ̀ tí kò dúró dè é. Tó bá dé gáréèjì, páráagà ló fi ń mú ara balẹ̀. Kò tíì sí ẹni tó wọn ṣòkòtò tirẹ̀.

Dánfó kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró fún ẹni tó ń bọ́ọ́lẹ̀. Ẹni tó ti mọ Èkó a kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ, a sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀, a sáré tẹ̀lé e díẹ̀ kó tó dúró. Àlejò a bọ́ọ́lẹ̀ tààrà. Àwọn ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ń ṣe èyí pẹ̀lú gèlè lórí, gèlè kò sì ní mì.

Ní 2007, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ìrìnàjò ìjókòó tó bá tó wákàtí mẹ́rin fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ewu ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹsẹ̀ di ìlọ́po méjì, ìbáà ṣe nínú bàlúù, nínú rélùwéè tàbí nínú mọ́tò. Ewu náà tún pọ̀ sí i fún ẹni tó bá ga ju mítà 1.90 lọ, àti ẹni tí kò tó mítà 1.60. Ohun tí wọ́n ní kí èrò máa ṣe kò le: kó máa gbé gìgísẹ̀ sókè kó máa sọ ọ́ kalẹ̀, kí iṣan ẹ̀yìn ojúgun lè máa ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Ní ìjókòó ẹ̀yìn dánfó Ìgándò, níbi tí wọ́n ti ń jókòó mẹ́rin-mẹ́rin, ẹni tó bá gbé gìgísẹ̀ sókè yóò fi orúnkún gún ẹni iwájú lẹ́yìn. Ẹni iwájú yóò yíjú padà. Ẹ̀jẹ̀ a sì gbéra lóòótọ́, ti ẹni méjì.

Afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà lórí títì márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta. Àwọn kan kì í gùn ún, wọ́n ní àtẹ̀gùn rẹ̀ ti pọ̀ jù. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá odi kọnkéré tó ga dé ìbàdí, ti àwọn ti ẹrù, wọ́n fi eré la àárín ọkọ̀ já, wọ́n dúró mí hẹlẹhẹlẹ ní òdìkejì. Ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ KAI, tó ń mú irú wọn, bá wà nísàlẹ̀ nìkan ni àtẹ̀gùn ń dínkù.

Títẹ̀ àti dídìde wà nínú ìrun Mùsùlùmí pẹ̀lú: ràkáà 17 ni ìrun ọ̀ranyàn lóòjọ́. Ìforíkanlẹ̀ méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 34, láìka nọ́fílà. Arìnrìnàjò ní ẹ̀dínwó: ìrun olóràkáà mẹ́rin di méjì fún un, gbogbo rẹ̀ wá di ràkáà 11. Ṣùgbọ́n ẹ̀dínwó yìí kì í bẹ̀rẹ̀ àyàfi tí ènìyàn bá jáde nílùú. Èrò Ìbàdàn tí ọkọ̀ rẹ̀ kò tíì kún ní gáréèjì Ìyànà Ìpájà kirun Àílà ní pípé, ó padà sínú ọkọ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀ kirun Láásàrì ní pípé.

Nígbà ayé wòlíì T.B. Joshua, tí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní Ìkòtún, tó sì papòdà ní June 2021, àlejò ń ti òkè òkun wá síbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì sì hù káàkiri àdúgbò. Bẹ́ẹ̀dì ló gba yàrá tán nínú púpọ̀ nínú wọn. Àlejò tó bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fi apá gbé ara sókè yóò fi orí sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, yóò fi ẹsẹ̀ sínú ilé ìwẹ̀. Pátákó òtẹ́ẹ̀lì kan sọ pé àwọn ní yàrá ìdárayá. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́: kẹ̀kẹ́ adúrósójúkan kan, tí wọ́n sá aṣọ ìnura lé.

Àpò ìrẹsì ńlá jẹ́ kílò 50. Alábàárù ọjà Ìkòtún gbé e sórí, ó ń la èrò kọjá, ó ń ké "Àgò o! Àgò lọ́nà!" Ní ilé ìdárayá tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lójú títì kan náà, ọ̀dọ́kùnrin kan dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin kílò 50, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan dúró tì í kí irin má baà já lù ú, ọ̀rẹ́ kejì ń ya fídíò. Ọ̀kan gbowó, ọ̀kan sanwó.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Sátidé tó kẹ́yìn oṣù jẹ́ ọjọ́ ìmọ́tótó l'Ékòó: láti aago 7 sí aago 10 àárọ̀, kò gbọdọ̀ sí ẹni tó ń rìn lójú títì. Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní March 2015 sọ pé sísé ènìyàn mọ́lé bẹ́ẹ̀ kò bófin mu. Ní November 2016 ìjọba ìpínlẹ̀ fagi lé e. Ìdárayá àwọn ọmọkùnrin àdúgbò ló fara gbá a jù, nítorí wákàtí mẹ́ta yẹn nìkan ni wọ́n fi ń rí títì gbá bọ́ọ̀lù. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tún sé Èkó mọ́lé ní March 30, 2020, nítorí àrùn kòrónà, àwọn tí kò sáré rí láyé wọn wọ bàtà kánfáàsì jáde. Ọlọ́pàá ń dá wọn padà sílé. Wọ́n sáré padà.

Ìṣísẹ̀ 10,000 lóòjọ́ tí gbogbo ayé ń tẹnu mọ́ kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá. Ilé iṣẹ́ kan ní Japan ló fi iye náà pe ẹ̀rọ ìkàṣísẹ̀ tó ń tà, lọ́dún 1965. Fóònù ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń gun kẹ̀kẹ́ Márúwá wọ inú Ìjẹ̀gùn lójoojúmọ́, ń kí i kú oríire kó tó sọ̀kalẹ̀. Gegele ojú ọ̀nà ni fóònù ń kà.

Eré ẹlẹ́mìí ẹṣin ìlú Èkó, kìlómítà 42, bẹ̀rẹ̀ ní 2016, láti pápá ìṣeré Surulere dé Eko Atlantic. Kò gba Alímọ̀ṣọ́ kọjá. Ará Ìgándò tó bá fẹ́ sáré níbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wá ọkọ̀ lóru, ibẹ̀ sì ni agbára máa ń lọ.

Iye ènìyàn tó ń wá ọkọ̀ níbẹ̀ pàápàá, ìjọba kò fẹnu kò lé e lórí: ní ìkànìyàn 2006, ìjọba àpapọ̀ ka ènìyàn 1,277,714 ní Alímọ̀ṣọ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka 2,047,026, lọ́dún kan náà. Ní bọ́sìtọ́ọ̀pù Àkòwónjò láago mẹ́fà àárọ̀, ti ìpínlẹ̀ ló jọ òótọ́.

Ẹgbẹ́ ìdárayá kan ń pàdé ní Sátidé, aṣọ ẹgbẹ́ funfun, orúkọ lẹ́yìn. Wọ́n na apá, wọ́n na ẹsẹ̀, wọ́n yí pápá ilé ìwé po, lẹ́yìn náà ni ata ewúrẹ́ àti bíà dé. Ọkọ̀ ni gbogbo wọn gbé wá. Wọ́n tò ó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gba inú gọ́tà kọjá.